Bí Módẹ́ẹ̀mù Ṣe Ń Gbọ́ Àgò

Módẹ́ẹ̀mù alágbèéká dà bí fóònù tí wọ́n yọ ojú, bọ́tìnì àti agbọ̀rọ̀sọ kúrò lára rẹ̀, tó wá ku síìmù àti eríàlì. Inú ẹ̀rọ POS, mítà iná àti ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkọ̀ ló ń gbé. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń pàṣẹ fún un, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà AT ló sì ń ṣáájú àṣẹ. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gé kúrú ni, kò ju "fetí sílẹ̀" lọ. Ilé-iṣẹ́ Hayes ní Amẹ́ríkà ló mú un wọ ọjà ní 1981 fún módẹ́ẹ̀mù orí wáyà tẹlifóònù, kò sì tíì kúrò nílẹ̀.

Pé kí módẹ́ẹ̀mù pe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń dáni lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀ kò nira. Kí ará ìta pe módẹ́ẹ̀mù ni iṣẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì bá fẹ́ mọ iye omi tó kù nínú táǹkì tó wà lóko. Módẹ́ẹ̀mù ní láti ṣí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ láàárín 1 sí 65535, kó sì dúró níbẹ̀ de ẹni tó máa kàn án.

Àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe é kò dọ́gba. AT+CIPSERVER ni ti SIM800 tí SIMCom ṣe, AT+USOLI ni ti ilé-iṣẹ́ u-blox, AT#SL sì ni ti ilé-iṣẹ́ Telit. Ti Telit ló rọrùn jù láti tẹ̀ lé, torí pé bí ẹni ń gbé fóònù ló rí. AT#SGACT=1,1 ló kọ́kọ́ ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. AT#FRWL ló tẹ̀ lé e, òun ló ń sọ àdírẹ́sì tí a gbà láyè láti wọlé. Ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá sí lára wọn, módẹ́ẹ̀mù kì í dá a lóhùn rárá, kì í tilẹ̀ sọ fún olówó rẹ̀ pé ẹnìkan wá. Ó rọrùn láti gbàgbé ìlà yìí, kí wọ́n sì máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn náà ni AT#SL=1,1,6500. Módẹ́ẹ̀mù á ní OK, á wá dákẹ́. Ó lè pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yọ lójijì:

SRING: 1

Àlejò ti dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èsì sí àṣẹ kankan, nítorí náà ó lè jábọ́ nígbà tí módẹ́ẹ̀mù ń dáhùn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá retí rẹ̀ á kà á mọ́ èsì yẹn, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú. AT#SA=1 ló ń gba àlejò wọlé, AT#SH=1 ló ń lé e padà. Bí wọ́n bá gbà á, CONNECT á jáde. Láti ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ kì í ṣe àṣẹ mọ́, ọ̀dọ̀ àlejò ló ń lọ tààrà. Kí módẹ́ẹ̀mù tó tún gba àṣẹ, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á tẹ +++, wọ́n á tún dákẹ́.

Gbogbo èyí lè pé pérépéré kí ẹnikẹ́ni má sì rí ilẹ̀kùn kàn. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì irú ti àtijọ́ kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ lágbàáyé, kò sì kárí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí ayálégbé inú ilé oníyàrá púpọ̀ tí géètì wọn jẹ́ ọ̀kan: ẹni tó wà nínú lè jáde, ṣùgbọ́n ará ìta kò mọ yàrá tó máa kàn. Bí àdírẹ́sì módẹ́ẹ̀mù bá fi "10." bẹ̀rẹ̀, tàbí tó bọ́ sáàárín 100.64 àti 100.127, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wà.

Wọ́n lè sanwó fún APN (ọ̀nà tí síìmù ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì) tó ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì tí gbogbo ayé lè rí ni, àwọn àjèjì tí ń dán ilẹ̀kùn kiri á máa kàn án tọ̀sán-tòru, dátà olówó síìmù á sì máa lọ sí i. Ọ̀nà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni kí módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ pe sáfà, kó má gé ìlà náà, kó sì máa fi ọ̀rọ̀ bíńtín ránṣẹ́ látìgbàdégbà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má bàa pa á. Fún táǹkì oko tí wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, SMS kan ti tó láti jí módẹ́ẹ̀mù kó pe ọ́fíìsì.