Ẹsẹ̀ Ìjàpá Kò Kan Igi

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Mo ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì tán, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí n jáde lọ síbi iṣẹ́ òru, ni mo gbọ́ tí pépà ya fààà ní kíṣìnì. Ẹ̀kẹrin nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ti gbé orí lé tábìlì, ó ń sọ pé òun ò mọ nǹkan kan ṣe. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọ̀dọ́ nílé, ẹ mọ ohùn yẹn.

Tíṣà wọn níbí ní Manchester ló ní kí kálukú ya àwòrán ẹnì kan látinú àlọ́ ìdílé rẹ̀. Ìyá mi máa ń pa àlọ́ fún un lórí WhatsApp láti Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà Ìjàpá ló mú. Inú mi dùn débi pé mi ò tilẹ̀ ronú bóyá Ìjàpá rọrùn láti yà.

Ẹ rántí àlọ́ náà. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó fẹ́ gbé e pamọ́ sórí ọ̀pẹ kí ẹlòmíràn má baà rí i lò. Ó fi okùn gbé e kọ́rùn, akèrègbè wà níwájú, láyà rẹ̀ gan-an. Ó gun ọ̀pẹ, ó jábọ́. Ó tún gùn ún, ó tún jábọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ mi fẹ́ yà.

Ìkarahun ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Ó ya ìlà sí i títí ó fi jọ ọ̀pẹ̀yìnbó. A wá wo fọ́tò ìjàpá gidi. Awẹ́ ńláńlá 13 ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀: márùn-ún tò sí àárín, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, àwọn kéékèèké sì yí etí rẹ̀ ká. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, márùn-ún àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ má sì tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ jù, torí ìlà tó fúyẹ́ ló ń parẹ́ láìba pépà jẹ́.

Ẹsẹ̀ ló wá kù. Ibi yòówù kó gbé e sí, akèrègbè á dí i, ẹsẹ̀ kò ní kan igi.

Kí n jẹ́wọ́ fún yín: mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, bí rọpárọsẹ̀ bá mú ẹnì kan lọ́wọ́, a kì í gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń da ọbẹ̀ sílẹ̀. À ń dúró tì í ni. Sùúrù tí mo ní fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ní in fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kúkú máa yà á." Ó bá wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tí mo yà náà kò kan igi. Mo jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá mi ló pè é lẹ́yìn tí mo lọ.

"Grandma, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan igi. Akèrègbè ló dí i."

Ó ní ẹ̀rín pa ìyá mi fún ìgbà pípẹ́ kó tó dáhùn. "Ọmọ mi, ṣé o wá rí ohun tó ń ṣe Ìjàpá?"

Àṣé ohun tó yà látàárọ̀ kò lábùkù! Bí akèrègbè bá wà láyà, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan igi. Ìdí tí Ìjàpá fi ń ṣubú nìyẹn, títí ẹnì kan tó ń kọjá lọ fi sọ fún un pé kó gbé e sẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, pépà karùn-ún wà lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń mi dirodiro lófuurufú, Ìjàpá sì fajú ro bí ẹni tó fẹ́ ya pépà. Mo mọ ibi tó ti rí ojú yẹn yà. Nísàlẹ̀ igi, ẹnì kan tó wé gèlè ń wò ó lókè. Mo bi í bóyá èmi ni.

Ó ní rárá o, Grandma ni.