Ife Kan Kì Í Ṣe Ife Kan: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ń Ṣe Àkàrà Òyìnbó Tà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìfipamọ́ tàbí ti èlé. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ṣe àkàrà òyìnbó gba iṣẹ́ ìkómọ kan. Oníbàárà náà ní òun kò fẹ́ ẹyin, òun kò fẹ́ mílíìkì, òun kò fẹ́ bọ́tà, bẹ́ẹ̀ ni òun kò fẹ́ ṣúgà funfun, nítorí pé òun àti ọkọ òun kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá. Ìyá wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra èròjà. Ó wá bi wá ní ọ́fíìsì pé kí ni òun lè fi rọ́pò ṣúgà. Àwa náà dáhùn kíá pé, "Ẹ fi oyin sí i, mà. Ife kan fún ife kan." A ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí a tó sọ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi náà ru ìyá wa.

Nígbà tí ó gbé àkàrà mẹ́ta jáde nínú ààrò, òkè wọn ti dúdú, inú wọn ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, àárín wọn sì ti jìn wọlé. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí oníbàárà gbọ́ pé oyin ló wà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, kòkòrò ló ṣe oyin. A kì í jẹ ẹ́." Ìyá wa dá owó àsansílẹ̀ padà, gbèsè ẹgbẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti fi oṣù mẹ́ta kún àkókò tí yóò fi san án.

Àwọn tí kì í jẹ ohun ẹranko yìí ni òyìnbó ń pè ní vegan. Ọdún 1944 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ náà. Àwọn kan ń ṣe é nítorí ìlera, àwọn kan nítorí àánú ẹranko, àwọn mìíràn nítorí ẹ̀sìn. Ní ti ṣúgà funfun, ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan lókè òkun máa ń fi èédú egungun màlúù sẹ́ ṣúgà ìrèké kí ó lè funfun. Ẹ má fi oníbàárà bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín o. Owó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí owó ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, a kó ara wa jọ sí ilé ìdáná ọ̀kan nínú yín, a bi àwọn tó mọ iṣẹ́ náà léèrè, a sì yan àkàrà kéékèèké títí ó fi yé wa. Ohun tí a kọ́ nìyí.

Èkíní, adùn olómi ní omi nínú, ṣúgà kò ní. Bí ẹ bá da ife oyin kan sí ibi tí ìwé ní kí ẹ da ife ṣúgà kan sí, adùn pọ̀ jù, omi náà pọ̀ jù. Nítorí náà, ní ipò ife ṣúgà kan, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife adùn olómi tó ki. Kí ẹ sì dín omi tàbí omi àgbọn tó wà nínú èròjà kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin ife. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ìwé bá ní ṣúgà ife 2 àti omi àgbọn ife 2, adùn olómi yóò jẹ́ ife kan àbọ̀, omi àgbọn náà yóò jẹ́ ife kan àbọ̀.

Èkejì, adùn olómi tètè máa ń pọ́n nínú iná. Bí ẹ ti ń yan án ní 180 tẹ́lẹ̀, ẹ mú un wá sí 165, kí ẹ sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo èédú, ẹ kó díẹ̀ kúrò lórí ìdérí.

Ẹ̀kẹta, oyin ní kíkan díẹ̀ nínú. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ti békìn sódà fún ife ṣúgà kọ̀ọ̀kan tí ẹ rọ́pò yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí kò bá sí ẹyin níbẹ̀, sódà àti békìn páúdà nìkan ló ń gbé àkàrà náà dìde, nítorí náà ẹ má po ó tán kí ẹ máa wá tàkúrọ̀sọ. Ẹ gbé e sínú ààrò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi òróró pa inú ife tí ẹ fi ń wọn nǹkan kí ẹ tó bu adùn olómi. Gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ̀ jáde, kò ní sí èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ ife. Owó ni ìyẹn náà.

Èwo wá ni kí ẹ lò? Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi golden syrup ránṣẹ́. Maple syrup ti Kánádà, omi igi ni: nǹkan bíi lítà 40 ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí lítà kan, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí tí ó fi wọ́n. Òun ṣàn ju oyin lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀ wá lọ́rùn jù ni dàbínù tí àwọn ará Òkè Ọya ń tà lọ́jà wa. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi ki bí oyin. Àwọ̀ rẹ̀ yóò mú kí àkàrà náà dúdú díẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà ṣáájú.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tà á: àkàrà tí a fi adùn olómi ṣe kì í tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ṣin-ṣín o, yóò rọ̀, kò ní ró kàù lẹ́nu. Ṣúgà ni kí ẹ fi sí ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì kò gba eré. Ẹ má sọ fún alátọ̀gbẹ pé oyin tàbí dàbínù kì í ṣe ṣúgà. Ṣúgà ni nínú ara, adùn rẹ̀ ló yí aṣọ padà. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, ó lè fa àìsàn tó le fún un.

Kí ẹ tó dá iye fún oníbàárà, ẹ ṣírò owó èròjà tuntun náà. Kí ẹ sì bi í ohun tí kì í jẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí àwa náà bá ti bèèrè lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àkàrà mẹ́ta kì bá tí ṣòfò.

Ìyá wa ti gba iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà náà. Dàbínù ló fi ṣe é, oníbàárà sì san owó rẹ̀ pé. Ó ti mú díẹ̀ wá san nínú gbèsè rẹ̀, ó sì gbé àkàrà kékeré kan wá sí ọ́fíìsì fún wa. A jẹ ẹ́ tán kí ìpàdé ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.