Ìtara Olólùfẹ́ Àti Orin Gìtá Oníná

Irú orin kan wà tí ó jẹ́ pé níbikíbi tí ó bá ti ń dún ní ìlú òyìnbó, àgbàlagbà a di etí, ọ̀dọ́ a sì sáré wọlé. Gìtá oníná ni ó gbé e dúró, ṣùgbọ́n gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ha ni. Onílù kì í lu ìlù rẹ̀ jẹ́jẹ́, akọrin kì í bẹ̀rù kí ohùn òun ya, aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọn a kun ojú ní funfun, wọn a le nǹkan dúdú yí ẹyinjú ká, ọ̀rọ̀ ikú, ibojì, iwin àti òkú tí ń rìn lóru ni wọ́n sì fi ń ṣe orin kọ. Gothic garage-punk ni àwọn tí ó ni ín ń pè é, ìtàn rẹ̀ sì gùn ju orúkọ náà lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ní àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì kúrò ní ilé-ìwé girama a máa lé ọkọ̀ bàbá wọn síta, wọn a gbé gìtá àti ìlù sí inú ilé tí ọkọ̀ náà ń sùn, wọn a sì máa pariwo níbẹ̀ títí ìyá wọn yóò fi ní ó tó. Gáréèjì tí a ń wí nìyẹn, kì í ṣe gáréèjì ti Mowe ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí agbèrò ti ń pe èrò Berger àti Ṣágámù. Nígbà tí ó di 1976, orin punk bẹ́ sílẹ̀ ní New York àti ní London, àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe sì sọ gbangba pé kò dìgbà tí ènìyàn bá kọ́ orin yanjú kí ó tó dá bándì sílẹ̀. Ní 1979, bándì Bauhaus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwo kan jáde lórí ikú Bela Lugosi, òṣèré tí ó ṣe ẹ̀dá amùjẹ̀ nì, Dracula, nínú sinimá. Orin àti ẹ̀rù sì ti ń jẹun nínú àwo kan náà.

Nínú àwọn tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, bóyá ni a rí èyí tí olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìtara tó ti The Cramps, bándì tí Lux Interior àti ìyàwó rẹ̀, Poison Ivy, dá sílẹ̀ ní New York ní 1976. Ní ọjọ́ 13 oṣù Òkúdù, 1978, wọ́n lọ ṣeré ní ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Napa, ní California, àwọn aláìsàn náà sì jó, wọ́n gun orí pèpéle, wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ akọrin. Ẹni kan ya fídíò rẹ̀, fídíò tí kò gún régé, tí ojú rẹ̀ ṣú dùdù, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn olólùfẹ́ bándì náà ń fi han ara wọn. Lux Interior kú ní 2009. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí ó lọ sí Napa ni ó ń wọ aṣọ tí wọ́n ya orúkọ bándì rẹ̀ sí láyà báyìí.

Kí ni ó wà nínú irú orin bẹ́ẹ̀ tí ń mú ọmọ ènìyàn bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé ẹni tí ayé ò kà sí ni ó ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Orin tí a ṣe fún gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni ó ni ín. Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ alágbára kò náání, tí rédíò kò gbé, àwọn díẹ̀ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ń di ẹrù rẹ̀ rù. Ṣàṣà ènìyàn ní í fẹ́ni lẹ́yìn bí a kò sí nílé, tajá tẹran ní í fẹ́ni lójú ẹni. Ní 1972, nígbà tí àwọn bándì inú gáréèjì ti tú ká, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti di òṣìṣẹ́ báńkì tàbí sójà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lenny Kaye, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwo ní New York, ṣa àwo wọn jọ, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Elektra gbé e jáde ní àwo méjì tí ó sọ ní Nuggets. Àwọn tí ó gbọ́ àwo yìí wà lára àwọn tí ó dá punk sílẹ̀, Kaye fúnra rẹ̀ sì ta gìtá nínú bándì Patti Smith. Olólùfẹ́ kan ṣoṣo, tí kò ní ju ìfẹ́ àti etí lọ, ni ó jí orin tí ó ti kú dìde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun àjèjì ni gbogbo èyí ní ilẹ̀ wa. Àwa Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí eégún ń jáde ní ìlú wa, tí a sì ti ka ìwé Fágúnwà láti 1938 tí a kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde, a mọ̀ pé ẹ̀rù a máa dùn, bí ó bá ti jẹ́ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń dá a bani. Ti gìtá oníná tí ń ké bí ẹni tí inú ń bí, òun náà kò jìnnà sí wa. Èkó Àkéte ni ó ti dún, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé Mowe àti Ibafo lónìí ṣì ń gbé Sùúrùlérè àti Mushin, tí a kò sì tíì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ogun abẹ́lé parí ní 1970, owó epo rọ̀bì ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ ohun tí kì í ṣe ti bàbá wọn. Ní 1971 ni Ginger Baker, onílù bándì Cream, la aṣálẹ̀ Sahara kọjá nínú ọkọ̀ Range Rover wá sí Èkó. Ó bá Fẹlá lu ìlù, ó sì kọ́ ilé ìgborinsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta kan wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́: Berkley Jones tí ń ta gìtá, Laolu Akins tí ń lu ìlù, àti Mike Odumosu tí gìtá béèsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n fi lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ṣe orúkọ bándì, BLO, nígbà tí ó sì di 1973, ilé-iṣẹ́ àwo EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Chapter One. Bí ẹ bá rí àwo náà, ẹ gbọ́ ọ: gìtá Jones a fà gùn, a gbọ̀n, a sì sọkún, ìlù Akins a sì máa fi ọgbọ́n ilé wa rìn lábẹ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé òyìnbó tí ó gbọ́ ọ a mọ̀ pé òun kò lè ṣe irú rẹ̀ ní ìlú òun.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti gáréèjì gan-an ni a ń wí, ti àwọn ọmọ ilé-ìwé Ofege ni ó sún mọ́ ọ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ St. Gregory's College, ní Òbáléndé, ni wọ́n, Melvin Ukachi ni aṣáájú wọn, ọmọ girama ni wọ́n sì ń jẹ́ nígbà tí Odion Iruoje, tí ń ṣe kòkárí orin fún EMI, kó wọn lọ sí ilé ìgborinsílẹ̀. Try and Love ni àwo tí ó ti ibẹ̀ jáde ní 1973. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí ó yẹ kí ó máa múra ìdánwò, orúkọ rẹ̀ wà lára àwo, ohùn rẹ̀ ń dún nínú rédíò! Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wá àṣìṣe nínú àwo Ofege yóò rí i. Ṣùgbọ́n àìlákìísà yìí gan-an ni ó mú àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ràn wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gbọ́ Ofege, ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Òun náà dá irun áfúrò sí, ó wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gbàràmù-gbaramu àti bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, ó sì ń yá gìtá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Àwọn bàbá tí ó gba Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo sí ọlọ́gbọ́n kò mọ ohun tí ó wọ inú ọmọ wọn.

Wọn kò dá nìkan wà. Joni Haastrup àti bándì MonoMono rẹ̀ ti gbé Give the Beggar a Chance jáde ní 1972. Lẹ́yìn wọn ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ẹ̀jìrẹ́ tí ó jẹ́ ìbátan Fẹlá, kọ orin wọn ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ àwo Afrodisia láti 1976 títí di 1979, obìnrin méjì láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Dísíkò dé, jùjú àti fújì sì gba òde ìnáwó pátápátá, nítorí bándì gìtá kì í kì ènìyàn, olówó tí a kò bá sì kì kì í náwó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wó lẹ́yìn 1980, ilé-iṣẹ́ àwo kò rí owó dá lé àwọn ọmọ aláriwo mọ́. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ orin náà kò gbẹ. Àwọn tí ó jó Ace, àwo tí Shina Peters, olórin jùjú, fi gba ìgboro ní 1989, tí ìtara àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ́ ní Shinamania, mélòó nínú wọn ni ó mọ̀ pé Laolu Akins onílù BLO ni ó ṣe kòkárí àwo náà? Bí ẹ bá ṣe kàyéfì nípa ohun tí ó mú jùjú náà yára tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gbọ́ Chapter One.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pankara kí ayé tó bá a fi kó ilẹ̀. Àwa pe tiwa ní pankara, ṣùgbọ́n àlejò kò fi kó ilẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé rẹ̀. Láti bí ọdún 2000 ni àwọn olólùfẹ́ àwo láti London àti New York ti ń wá sí Èkó, tí wọ́n ń ra àwo àtijọ́ tí eruku ti bò. Ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Nigeria Rock Special jáde ní 2008 àti World Ends ní 2010. Ní 2016, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àwọn olórin wọ̀nyí kiri, kọ ìtàn wọn sínú ìwé tí ó bá àwo Wake Up You! jáde ní Amẹ́ríkà. Àwo Lijadu tún padà jáde níbẹ̀ ní 2024, lẹ́yìn tí Kẹ́hìndé ti kú ní 2019. N kò bú òyìnbó tí ó ra àwo. Ìfẹ́ ni ó gbé e wá. Àwa tí a tà á ní owó ẹ̀kọ ni mo ń bá wí.

A kò ní ṣàì rí àwọn kan nílé. Kunle Tejuoso ti ń tọ́jú àwo ní Jazzhole, ní ọ̀nà Awólọ́wọ̀, Ìkòyí, láti ọjọ́ pípẹ́. Fẹ́mi Ẹṣọ àti ẹgbẹ́ Evergreen rẹ̀ sì ti kó orin háílàáfù, jùjú àti àpàlà jọ débi pé ẹni tí ó ń wá orin bàbá rẹ̀ lè rí i. Orin gìtá aláriwo ni kò tíì rí irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ tó láàárín wa, bóyá nítorí pé a rò pé kì í ṣe tiwa.

Tiwa ni. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ní Ifọ̀ lónìí, ẹni tí ó bá ń wá gìtá oníná, ilé ìjọsìn ni kí ó lọ. Àwọn ọmọ tí ń ta gìtá ní ìsìn òru lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọjọ́ orí àwọn Ofege ni ọ̀pọ̀ wọn wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ orúkọ Ofege rí. Pásítọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n kun ojú ní funfun, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́, bí wọ́n bá sì gbọ́ ohun tí Berkley Jones ṣe ní 1973, wọn yóò mọ̀ pé àwọn ní bàbá.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí òbí yín kó láti Èkó wá kọ́lé sí Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀. Páálí kan wà lókè àjà tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò tú láti ọjọ́ tí ẹ ti dé. Ẹ tú u. Bí ẹ bá bá àwo EMI tàbí Afrodisia nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ tò ó ní òró, kì í ṣe ní ìbúlẹ̀, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí oòrùn. Bí ẹnìkan bá wá rà á, owó yín ni, ẹ lè tà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tà á, ẹ wá ẹni tí ó ní gíramafóònù, kí ẹ sì gbọ́ ọ.