Bí Alex Palou ṣe gba ife IndyCar ọdún 2025 nígbà tí eré méjì ṣì kù

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àpẹ̀tẹ̀ níbí la ti gba ohùn ètò yìí sílẹ̀, ẹ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì.

Ìbéèrè tí a rí gbà lẹ́yìn ètò tó kọjá nìyí: ẹ ní ẹnì kan gba ife nígbà tó ku eré méjì, ṣé wọn ò wa eré tó kù mọ́ ni? Wọ́n wà á. Àmọ́ kò sí ohun tí eré méjèèjì lè yí padà mọ́ lórí ife. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

IndyCar ni ìdíje tó ga jù ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọkọ̀ tí táyà wọn wà ní gbangba, tí kò ní mọ́gáàdì, tí awakọ̀ kan ṣoṣo ń jókòó sí àárín rẹ̀. Ó jọ Formula 1 lójú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà, Dallara, ló ń ṣe ara ọkọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, Firestone ló ń kó táyà fún gbogbo wọn, ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ Honda tàbí Chevrolet. Ẹni tó lówó jù kò kàn lè lọ kọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Eré 17 ló wà ní 2025. Mẹ́rin jẹ́ ti títì ìgboro: wọ́n á dí títì, wọ́n á to kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n dí láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ fún odindi òpin ọ̀sẹ̀. (Ẹ ò ní gbà fún wọn, mo mọ̀.) Méje jẹ́ pápá tó ní kọ́nà lọ́tùn-ún lósì. Mẹ́fà tó kù jẹ́ pápá tó rí bí ẹyin, òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí ṣáá. Ibẹ̀ lẹ̀rù wà jù, torí ní Indianapolis, eré wọn máa ń lé ní 350 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ògiri sì wà nítòsí.

Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba máàkì 50, ìkejì 40, ìkẹta 35, ó ń já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kan 5. Ẹni tó bá yege láti bẹ̀rẹ̀ níwájú gbogbo wọn gba 1. Ẹni tó bá ṣíwájú fún ìyípo kan péré gba 1, ẹni tó bá ṣíwájú fún ìyípo tó pọ̀ jù gba 2 sí i. Yàtọ̀ sí Indianapolis 500 tó ní máàkì àfikún tirẹ̀, 54 ni ẹnì kan lè kó jù nínú eré kan. Eré méjì, 108. Bí o bá ti fi ju 108 lọ ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé ọ, ó parí.

Alex Palou, ọmọ Sípéènì tó ń wakọ̀ fún Chip Ganassi Racing, ti gba ife náà ní 2021, 2023 àti 2024. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ní ẹ̀sùn kan sí i lọ́rùn: kò tí ì borí rí lórí pápá tó rí bí ẹyin. Mo gbà pé ẹ̀sùn náà dun òun fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn le fún àwọn yòókù. Ó borí ní St. Petersburg, ní Thermal, ní Barber, àti lórí pápá oníkọ́nà Indianapolis. Long Beach nìkan ni Kyle Kirkwood ti borí rẹ̀, ipò kejì ló sì ṣe níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwakọ̀ rẹ̀ ni ọwọ́ tó fi ń mú epo. Ní IndyCar, wọ́n ṣì máa ń ra epo sọ́kọ̀ láàárín eré, èyí tí Formula 1 ti fi òfin dè láti 2010. Ẹni tó bá lè fi epo kan náà rìn jìnnà láì jẹ́ kí eré rẹ̀ rọ̀ á dúró díẹ̀. Àwọn awakọ̀ Micra tó ń ná Àpẹ̀tẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí, wọn ò kàn sọ ọ́ lórúkọ ni.

Ìgbà tó wá di 25 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ Indianapolis 500: ọkọ̀ 33, ìyípo 200. Marcus Ericsson ló wà níwájú. Nígbà tó ku bíi ìyípo 14, Palou gbà á kọjá. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọgbọ́n gan-an. Ọkọ̀ méjì tó ti pẹ́ lẹ́yìn wà níwájú rẹ̀. Kò yára kọjá wọn. Ẹ̀yìn wọn ló fara pamọ́ sí, wọ́n ń là afẹ́fẹ́ fún un, Ericsson ò sì rí i mú. Bó ṣe borí nìyẹn, ó mu wàrà bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, òun sì ni ọmọ Sípéènì àkọ́kọ́ tó gba eré náà.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ní Detroit, wọ́n gbá a lẹ́yìn, ó sì forí sọ ògiri. Ní Mid-Ohio, ó kù díẹ̀ kó borí ló ṣèèṣì yà kúrò lójú ọ̀nà, Scott Dixon tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Pato O'Ward nìkan ló kù tó lè lé e bá. Ní Portland, 10 oṣù Kẹjọ, O'Ward ló bẹ̀rẹ̀ níwájú, ọkọ̀ rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀ kí eré tó jìnnà. Will Power ló borí, Palou ṣe ipò kẹta, ìyàtọ̀ máàkì sì ti kọjá 108. Eré mẹ́jọ ló borí nínú 17.

Ìbéèrè kejì: ṣé a rí ẹni tó dúdú bíi tiwa níbẹ̀? Willy T. Ribbs ni àkọ́kọ́ ní Indianapolis 500, 1991. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn ìyípo mélòó kan. Ó padà lọ ní 1993. George Mack wọlé ní 2002. Lónìí, Myles Rowe, ọmọ Atlanta, la ń wò: ó gba ife USF Pro 2000 ní 2023, ìpele méjì sí IndyCar, ó sì wà ní Indy NXT, ìpele tó kàn án, ní sáà 2025 yìí kan náà. A máa fi ètò tó ń bọ̀ sọ tirẹ̀ nìkan.