Ọ̀bẹ Kékeré Inú Ara

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá sí ojú ewé àwọn ìdílé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìyá kan wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí kò tíì rí oówo lára ọmọ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ a pọ́n, a wú, a gbóná, a sì máa ro ọmọ náà gidigidi. Celsus ará Róòmù ti kọ àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sínú ìwé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ta ni ó dá iná yìí sí ara ọmọ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé kòkòrò àrùn ni. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan: ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iná, kí ó lè fi lé ọ̀tá jáde.

Ara wa kún fún àwọn yàrá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí wọn ń ṣe, kí ó fi iṣu sísè sí ẹnu, kí ó rún un pẹ́ kí ó tó gbé e mì. Yóò rí i pé adùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ni ó ń gé iṣu náà di ṣúgà. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, caspase-1 ni àwọn amòye sọ ọ́. Ọ̀bẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ni ó ń gé.

Nígbà àlàáfíà, ọ̀bẹ yìí a máa wà nínú àkọ̀ rẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn olùṣọ́ ibẹ̀ yóò péjọ, wọn yóò sì fa ọ̀bẹ yọ. Jürg Tschopp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n ṣe àlàyé àpéjọ yìí ní ọdún 2002. Ohun méjì pàtàkì ni caspase-1 ń gé. Èkíní ni interleukin-1 beta, tí í ṣe oníṣẹ́: bí a bá ti gé e tán, yóò jáde lọ ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì jagunjagun, yóò sì mú kí ọpọlọ gbé ooru ara sókè. Ibà nìyẹn. Èkejì ni gasdermin D, tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2015. Àwọn ègé rẹ̀ a dá ihò lu ara sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà kú, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùba kò ní ibi ìsápamọ́ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó ń kú ikú iná báyìí. Nínú oyún, ẹran so àwọn ìka ọmọ pọ̀. Àwọn caspase mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá caspase-1, ni wọ́n ń mú kí sẹ́ẹ̀lì àárín wọn kú ní ìdákẹ́jẹ́, bí ewé tí ó gbó tí ó sì já bọ́. Kò sí ibà, kò sí wíwú.

Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí kòkòrò bá gba inú ẹ̀jẹ̀ kan, ọ̀bẹ a yọ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sàn a dínkù, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró a sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní sepsis. Ní ọdún 1995, a rí i pé àwọn eku tí a mú kí wọ́n wà láìní caspase-1 kò kú nígbà tí a fún wọn ní májèlé kòkòrò tí ń pa àwọn yòókù. Gbogbo ènìyàn sì di ẹ̀bi ru caspase-1. Ọdún 16 kọjá. Ní ọdún 2011 ni Nobuhiko Kayagaki, Vishva Dixit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn eku náà kò ní caspase-11 pẹ̀lú, láìjẹ́ pé àwọn tí ó ń sìn wọ́n mọ̀. Caspase-11 gan-an ni olórí apani! Nínú ènìyàn, caspase-4 àti caspase-5 ni ó jókòó sí ipò rẹ̀. Àbúrò ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni a nà.

Ìmọ̀ yìí ti so èso. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú àbùkù tí ń mú kí olùṣọ́ fa ọ̀bẹ yọ láìsí ọ̀tá, tí ibà kò sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ láti kékeré. Láti ọdún 2009 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn canakinumab fún wọn. Kì í gba ọ̀bẹ. Oníṣẹ́ tí ọ̀bẹ gé ni ó ń mú lójú ọ̀nà. Ní ti sepsis, ìtọ́jú kíákíá ni ààbò: oògùn tí ń pa kòkòrò, àti omi tí a ń fà sí ara.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fún oówo ọmọ ní agbára, ẹ sì fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ egbò. Wíwú díẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ara ń jà fún ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ó ní egbò tàbí ibà bá ń mí gúlegúle, tí kò tọ̀ mọ́, tí ó ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà gan-an, nítorí iná tí a dá láti lé olè lè jó onílé.