Bárakú, Ìgbáralé àti Ìmọ́ra: Oògùn Apàrora àti Oògùn Amọ́kànbalẹ̀ nínú Èdè Ìlera

Nígbà tí ògbufọ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewu oògùn, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni bárakú. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà: àìsàn tí ó wọ ara tí kò lọ mọ́, bárakú ni, ìwà tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀, bárakú ni. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ìmọ̀ ìṣègùn yà sọ́tọ̀ níhìn-ín, bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ kan bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Èkíní ni ìmọ́ra: oògùn ti mọ́ aláìsàn lára débi pé ìwọ̀n tí ó ṣiṣẹ́ lánàá kò tó mọ́ lónìí. Ìmọ́ra sàn ju ìmọ́lára lọ, nítorí bí akọ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, òǹkàwé yóò kà á sí ìmọ̀lára. Èkejì ni ìgbáralé: ara ti gbára lé oògùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìnira ìjáwọ́ fi ń dé bí a bá dá a dúró lójijì. Ẹ̀kẹta ni bárakú gan-an: ọkàn ń fà sí oògùn, ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ó sì ń lò ó lọ bí ó tilẹ̀ ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó ń gba mọfíìnì nítorí jẹjẹrẹ lè ní méjì àkọ́kọ́ láìní ẹ̀kẹta.

Lára oògùn apàrora tí ó wá láti inú ọ́píọ̀mù, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ bí i tirẹ̀, ni mọfíìnì, kódíìnì, oxycodone àti tramadol. Wọ́n ń dí ìrora lọ́nà, wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní adùn tí ó ń fa ọkàn padà. Ibẹ̀ ni bárakú ti ń wọlé. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, mímí yóò máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dúró. Ìjáwọ́ wọn nira púpọ̀, pẹ̀lú yíyán, ikun imú, ìgbẹ́ gbuuru àti ara ríro, ṣùgbọ́n kì í sábà pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. OxyContin dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1996; ní 2007 ilé-iṣẹ́ Purdue Frederick gbà ní ilé-ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi ṣíṣi àwọn ènìyàn lọ́nà nípa ewu bárakú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìlò oògùn ti ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 4.6 mílíọ̀nù ènìyàn lo irú oògùn wọ̀nyí láìṣe fún ìwòsàn láàárín ọdún kan. Ní 2018 kan náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi oníkódíìnì àti kíkó o wọlé.

Oògùn amọ́kànbalẹ̀ tí a ń pè ní benzodiazepine kò pẹ́ tó wọn. Librium dé ọjà ní 1960, Valium ní 1963. Wọ́n ń kún iṣẹ́ GABA lọ́wọ́, èròjà tí ó ń mú kí iṣẹ́ ọpọlọ rọlẹ̀. Àpọ̀jù wọn nìkan kì í sábà pani, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe rò pé wọn kò léwu. Àmọ́ ìgbáralé lè wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kódà lára ẹni tí ó ń lò wọ́n bí dókítà ti wí. Ìjáwọ́ lójijì a máa mú àìrí-oorun-sùn, ara gbígbọ̀n àti gìrì wá, gìrì náà sì lè pani.

Èwo ni ó léwu jù? Bí ó bá jẹ́ ti bárakú àti ikú àpọ̀jù, apàrora ni; bí ó bá jẹ́ ti ìjáwọ́, amọ́kànbalẹ̀ ni. Bí a bá lo méjèèjì pọ̀, ewu yóò di ìlọ́po, nítorí méjèèjì ni ó ń dín mímí kù. Àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ rẹ̀ tí ó le jù lọ sára wọn ní 2016 nítorí àlòpọ̀ yìí; ní 2020 ó tún fi ìkìlọ̀ bárakú àti ìgbáralé sára benzodiazepine.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti wúwo. Bí a bá sọ fún ìyá àgbà kan pé Valium ti di bárakú fún un, ìtìjú lè mú kí ó kó o dà nù lọ́jọ́ náà, kí gìrì sì gbé e ṣubú. Bí a bá sọ pé ara rẹ̀ ti gbára lé e, yóò padà tọ dókítà lọ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, bí a bá pe mọfíìnì tí dókítà kọ ní oògùn olóró, orúkọ tí a fi ń pe ohun tí òfin kọ̀, ẹbí alárùn jẹjẹrẹ lè kọ̀ ọ́, kí aláìsàn sì kú nínú ìrora tí ó ní oògùn. Ó yẹ kí bárakú wà ní ààyè tirẹ̀, kí ìmọ́ra àti ìgbáralé sì ní ààyè tiwọn, nínú ìwé ẹ̀kọ́ àti nínú ìwé ìlànà tí ó ń bá oògùn rìn.