Ìmúrasílẹ̀ fún Ìbẹ̀wò sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tí ẹ fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Oníkàn, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀. Oníkàn kò jìnnà sí yín; sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àwọn tirélà tó ń lọ sí èbúté ló ń mú un jìnnà. Ọmọ tó ti làágùn fún wákàtí méjì nínú dáńfó kò ní lójú ère í wò mọ́. Nítorí náà, ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ gba Afárá Èkó wọ Erékùṣù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, kí ó rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Kenneth Murray ló dá ilé náà sílẹ̀ ní ọdún 1957. Ère Anyanwu, tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe, wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n, lójú tiwa, mọ́tò Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 1976, ni ọmọdé kì í gbàgbé. Ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ti sọ ìtàn náà fún wọn láti ilé, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n.

Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí agbára bá ṣì kù, Gbọ̀ngàn Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti John Randle wà nítòsí.